Ẹni Tó Yapa Ṣeé Kà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Èsì Ìbò Gómìnà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba káàdì ẹgbẹ́ ní Ìkòròdú, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gbà á tí ẹ kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi yín ṣe, mo kí yín o. Iṣẹ́ tí mo ṣe pẹ́ jù nínú òṣèlú kì í ṣe iṣẹ́ orí pèpéle. N kì í gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni ẹni tó ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú kálámù àti ìwé, tí àwọn àjẹ́ǹtì ń kó èsì wá bá láti Odógunyàn, láti Ìgbógbó, láti Ìjẹ̀dẹ́, títí dé Baiyékù létí ọ̀sà. Ẹ má bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni. Mo ti ṣe é fún ju ẹgbẹ́ kan lọ.

Gbólóhùn kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ ní Sábó lọ́jọ́ kejì ìdìbò, lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀ràn tó máa ń kóra jọ sídìí ìwé ìròyìn: “Wọ́n pín ìbò wa ni.” Ẹgbẹ́ tó bá ti fìdí rẹmi kì í ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ẹ tó bá wọn mi orí sí i, ẹ gbé kálámù.

Ẹ wo ti Èkó wa níbí lọ́dún 2023. Babájídé Sanwó-Olú ti APC ní ìbò 762,134. Gbadebo Rhodes-Vivour ti Labour Party ní 312,329. Ọlájídé Adédìran tí gbogbo wa ń pè ní Jandor, ti PDP, ní 62,449. Títí di òní ni mo ń gbọ́ ọ pé ká ní Jandor ti yọwọ́ fún Gbadebo ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ẹ ro ti àwọn méjèèjì pọ̀: 374,778. Kò tó ìdajì ohun tí ẹni tó wọlé ní. Òótọ́ ni pé àwọn alátakò kò ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ sùn sórí ẹní kan náà, ìṣirò yẹn kò gbè wọ́n.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi wọ́n ni èyí: lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún yẹn, níbi ìdìbò ààrẹ, Labour Party ní 582,454 ní Èkó, APC ní 572,606. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, ìbò Labour Party ti fi ohun tó lé ní 270,000 dín, ti APC sì ti fi nǹkan bí 190,000 lé. Jandor kọ́ ló gbé ìyẹn mì. Gbogbo ohun tí òun ní kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Peter Obi, olùdíje ààrẹ Labour Party, nìkan ni wọ́n jáde fún, wọ́n sì padà sídìí òwò wọn. Àwọn kan wà tí ìdẹ́rùbani ọjọ́ gómìnà lé padà sílé. Àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà tó gba ìgboro kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló jí wọn lójú oorun. Ẹni tó bá ní “wọ́n pín ìbò wa” kò ní wádìí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mọ́ wọn lẹ́nu.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, ìyẹn ibi tí ìṣirò ti jọ bí ẹni pé ó dá wa láre. Ní Òndó lọ́dún 2016, Rótìmí Akérédolú ti APC ní 244,842, Eyítayọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti PDP ní 150,380, Olúṣọlá Òkè ti AD ní 126,889. Bí ẹ bá ro ti Jẹ́gẹ́dẹ́ mọ́ ti Òkè, 277,269 ni, ó ju ti Akérédolú lọ. Ẹni tó ń kánjú á ní, “Ẹ ò rí i!” Ẹ farabalẹ̀. Inú APC ni Òkè ti jáde lọ sí AD, lẹ́yìn ìbò abẹ́lé tó dá awuyewuye sílẹ̀. Òun kan náà ló sì gbé àsíá PDP lọ́dún 2012. Ta wá ni ìbò rẹ̀ ìbá bọ́ sí lọ́wọ́ ká ní kò yapa? Jẹ́gẹ́dẹ́ ni àbí Akérédolú? Ìbò kì í tẹ̀ lé olóṣèlú kiri bí ajá. Ẹ má ṣe máa ro ìbò ẹni méjì tó fìdí rẹmi pọ̀ láì kọ́kọ́ béèrè pé inú agboolé wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Ohun tó dá mi lójú nípa Òndó yẹn ni pé ìjà tó ṣe PDP níkà jù kò sí nínú àwọn iye tí mo kọ sókè yìí. Láti Àbújá ni ẹgbẹ́ náà ti pín sí ọwọ́ Ahmed Makarfi àti ọwọ́ Ali Modu Sheriff, àwọn méjì tó ń du ipò alága ẹgbẹ́ lórílẹ̀-èdè. Ọwọ́ kìíní ní Jẹ́gẹ́dẹ́ ni olùdíje, ọwọ́ kejì ní Jimoh Ibrahim ni, orúkọ Ibrahim sì ni INEC gbà. Jẹ́gẹ́dẹ́ gba kóòtù lọ. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ni Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá a láre. Ọjọ́ 26 ni ìdìbò. Ẹni tó bá ti ṣètò àjẹ́ǹtì rí mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní Òndó. Ẹ ò ní tíì pín owó ọkọ̀ tán ní mẹ́fà nínú rẹ̀ tí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀ṣun ló wá là mí lójú. Ní 2018, ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ló ya. Iyiọlá Omíṣorè fi PDP sílẹ̀ lọ sí SDP. Moshood Adéọtí, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀, fi APC sílẹ̀ lọ sí ADP. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án tán, Adémọ́lá Adélékè ti PDP ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345. Ìbò 353 péré! Bẹ́ẹ̀ Omíṣorè nìkan kó ohun tó lé ní 128,000. INEC ní ìdìbò kò tíì parí, torí pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó méje tí wọ́n wọ́gi lé jẹ́ 3,498, tó ju ìbò 353 yẹn lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó kù sí àtúndì, kò sí aṣíwájú ẹgbẹ́ tí kò mọ ọ̀nà ilé Omíṣorè. Ó ti APC lẹ́yìn, wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ 27, Oyètọ́lá sì fi ìbò 482 borí. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé èsì yẹn á rí àwọn tó yapa kedere. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, àmì ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀, iye wọn wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbé ti 2022 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oyètọ́lá àti Adélékè náà ni. Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Omíṣorè ti wà nínú APC nígbà náà, òun tilẹ̀ ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ lórílẹ̀-èdè. Kò sí ẹni kẹta kan tó kó ìbò tó ṣeé sọ. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó pín ìbò APC lórí ìwé èsì náà, ẹ ó wá a títí ni. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọ̀ṣun ló mọ̀ pé Oyètọ́lá àti Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà tó ṣáájú rẹ̀, ń bá ara wọn jà, àti pé Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti jáde ní gbangba gbè sẹ́yìn Adéọtí níbi ìbò abẹ́lé. Adéọtí kò rí i gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú kò gba ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Wọ́n dúró.

Lójú tèmi, àwọn tó dúró yẹn ló léwu jù. Ẹni tó yapa ṣeé kà, ẹ sì lè lọ bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe lọ bẹ Omíṣorè. Ẹni tó bínú tó jókòó kò sí lórí fọ́ọ̀mù kankan. Ó ṣì ń wá sí ìpàdé. Ó ń gba aṣọ ẹgbẹ́, ó ń rán an, ó ń wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọrin, òun ló ń gbè é sókè jù.

Bí mo ṣe máa ń wá irú wọn rí nìyí. Ẹ gba ẹ̀dà EC8A, ìyẹn fọ́ọ̀mù èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan tí àwọn àjẹ́ǹtì ń fọwọ́ sí, ẹ sì tò ó sílẹ̀ fún ìdìbò méjì ní ibùdó kan náà. Ká sọ pé ẹgbẹ́ yín ní 140 lọ́jọ́ ààrẹ, tó di 60 lọ́jọ́ gómìnà. Ẹ wo ti alátakò. Bó bá fi nǹkan bí ọgọ́rin lé sí i, àwọn ènìyàn yín yí padà ni, ọ̀rọ̀ ọjà yín ni kẹ́ ẹ lọ tún ṣe. Bí ti alátakò bá wà níbi tó wà, ẹ wo iye àwọn tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, kà wọlé. Bí ìyẹn náà bá wálẹ̀, kò sẹ́ni tó jí ìbò yín. Ẹni tó yẹ kó kan ìlẹ̀kùn ilé dé ilé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni kò jáde. Ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ìdáhùn máa ń wà, ó sì máa ń pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bá mi jiyàn pé ìbínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan kò lè gbé ẹgbẹ́ ńlá ṣubú láìsí ẹgbẹ́ kẹta tí wọ́n á sá lọ sí. Mo máa ń mú wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ìparí ọdún 1991 ni, ayé ìjọba Babangida. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba fàyè gbà, SDP àti NRC. Kò síbi ẹ̀kẹta tí ẹnikẹ́ni lè yà sí. SDP ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ní Èkó, ọwọ́ méjì ló sì wà nínú rẹ̀: Primrose tó wà lẹ́yìn Dàpọ̀ Sàrùmí, àti Baba Sọ Pé tó wà lẹ́yìn Fẹ́mi Agbálájọbí. Bàbá tí wọ́n ní ó sọ pé náà ni Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ja ìjà abẹ́lé náà débi pé àjọ ìdìbò ìgbà yẹn wọ́gi lé ìbò tí wọ́n dì, wọ́n sì ní kí Sàrùmí àti Agbálájọbí jọ lọ jókòó sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ ni SDP wá fa Yọ̀mí Edu kalẹ̀. Michael Ọ̀tẹ̀dọlá, ọmọ Odoragunṣin nítòsí Ẹ̀pẹ́, ló wọlé lábẹ́ NRC.

Ṣé Èkó ti wá di ti NRC ni? Ẹ wo oṣù Kẹfà 1993, ọdún kan ààbọ̀ péré lẹ́yìn náà. MKO Abíọ́lá ti SDP ní 883,965 ní Èkó. Bashir Tofa ti NRC ní 149,432. Ìlú kan náà, ẹgbẹ́ méjì kan náà. Àwọn tó fi SDP sílẹ̀ ní 1991 kò lọ jìnnà. Inú ló ń bí wọn. Àwọn àgbà tó wà nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ fi í pa mọ́ pé àwọn kan nínú SDP ṣiṣẹ́ fún Ọ̀tẹ̀dọlá kí ọwọ́ kejì má bàa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ tó tóbi jù lè fi ara rẹ̀ ṣe, kó lọ jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí, kó ra obì dání.

Ẹ jẹ́ n ya díẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ti bí gómìnà méjì fún Èkó, Ọ̀tẹ̀dọlá àti Akínwùmí Ambọ̀dé. Àwa Ìkòròdú àti àwọn ará Àgbádárìgì ń wò. Kò sí ìpàdé tí ẹ ó lọ tí ẹ ò ní gbọ́ “ó ti yí kàn wá.” N kò sọ pé kò yí kàn wá o! Ṣùgbọ́n lọ́dún 2023, Jandor gbé ọ̀rọ̀ ẹkùn Àgbádárìgì sórí, ó tún mú Funke Akíndélé ọmọ Ìkòròdú ṣe igbákejì. Ẹ ti rí iye tí gbogbo ìpínlẹ̀ fún wọn. Ọmọ ilé dára, àmọ́ ẹgbẹ́ ló ń gbé ọmọ ilé wọlé. Ẹ tún kíyè sí i pé inú APC ni Jandor ti wá sí PDP, inú PDP sì ni Gbadebo ti lọ sí Labour Party. Nínú àwọn olùdíje mẹ́ta tó léwájú, méjì kò sí nínú ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ jẹun.

Ti Ambọ̀dé náà kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní oṣù Kẹwàá 2018, APC Èkó ṣe ìbò abẹ́lé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dì. Sanwó-Olú ní 970,851. Gómìnà tó wà lórí àga ní 72,901. Kò yapa, kò gbé àsíá ẹgbẹ́ mìíràn. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2019, Sanwó-Olú fi 739,445 wọlé. Ẹ tún un kà: ìbò tí wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan dì fún un ju èyí tí gbogbo ìlú dì fún un lọ. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, àgbàlagbà ni mí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni ti alátakò. Jímí Agbájé ti PDP, tó ní 659,788 lọ́dún 2015 tí Ambọ̀dé ní 811,994, bọ́ sí 206,141 ní 2019. Ìjà ti wáyé nílé alátakò rẹ̀, wọ́n ti já gómìnà bọ́ láti inú ilé, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan kó níbẹ̀. Ìjà ilé ẹlòmíràn kì í fi ìbò ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní ènìyàn ní wọ́ọ̀dù.

Wọ́ọ̀dù yìí gan-an ni ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú INEC, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìkòròdú, ọ̀kan nínú 20 tó wà ní Èkó. Lójú ìjọba ìpínlẹ̀, mẹ́fà ni: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Baiyékù, Ìmọ̀tà àti Ìjẹ̀dẹ́. Alága mẹ́fà, igbákejì mẹ́fà, káńsẹ́lọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ wá ronú sí iye àwọn tó ń du àyè wọ̀nyẹn tí wọn kò ní rí i, tí wọ́n ti ra fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ti tẹ pósítà, tí wọ́n ti se ìrẹsì fún gbogbo àdúgbò. Lójijì, wọ́n á gbọ́ pé orúkọ kan ti “sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.” Ẹni tí wọ́n fọwọ́ agbára yọ níbi káńsẹ́lọ̀ kò ní bá olùdíje gómìnà jà. Kò bá a pàdé rí. Á kàn pa fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò gómìnà, kó sùn títí di ọ̀sán. Èmi tí mo ń kó èsì jọ ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀, torí pé ibùdó tirẹ̀ ni èsì rẹ̀ kì í tètè dé.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ “a ti fẹnu kò.” Òfin Ìdìbò ọdún 2022 gba ìfẹnukò láàyè, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo àwọn tó ń díje gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ pé àwọn yọwọ́, àwọn sì fara mọ́ ẹni kan náà. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ní “ẹ jẹ́ ká sáà gbàdúrà” nígbà tí ẹnì kan béèrè ìwé. Àmín náà kò dé ibùdó ìdìbò. Èyí tó tún burú jù ni kí ìbò abẹ́lé má tilẹ̀ bófin mu. Ní Zamfara lọ́dún 2019, APC borí kedere. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ní gbogbo ìbò wọn ti di òfo, torí pé wọn kò ṣe ìbò abẹ́lé bó ti tọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ ó ní, ṣé kò wá sí ibi tí ìpín ìbò ti pa ẹgbẹ́ gan-an ni? Ó wà. Èmi gbà pé ti Ọ̀yọ́ lọ́dún 2011 rí bẹ́ẹ̀. Ajímọ̀bi ti ACN fi 420,852 wọlé. Àlàó-Akálà ti PDP ní 387,132, Ládọjà ti Accord ní 275,773. Ẹ wá béèrè ìbéèrè agboolé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: tíkẹ́ẹ̀tì PDP kan náà ló gbé àwọn méjèèjì wọlé lọ́dún 2003, Ládọjà gómìnà, Akálà igbákejì. Ìyọnípò Ládọjà ní 2006 ló tú wọn ká, àwọn tó sì ń tẹ̀ lé wọn kò jọ jẹun mọ́. Níbí, ìṣirò àti ìtàn jọ ń sọ ohun kan náà.

Ọ̀yọ́ yìí kan náà ló tún fi bí wọ́n ṣe ń pa á pọ̀ hàn wá. Ní 2019, Fẹ́mi Lánlẹ́hìn ti ADC, Ṣarafadeen Àllí ti ZLP àti Bọ́lájí Ayọ̀rìndé ti SDP yọwọ́ fún Ṣèyí Mákindé ti PDP, Ládọjà náà sì ti í lẹ́yìn. Mákindé ní 515,621, Adélabú ti APC ní 357,982. Ẹ má wo ti fọ́tò tí wọ́n jọ yà. Nígbà tí wọ́n fi máa fẹnu kò, ìdìbò ti kan ilẹ̀kùn, àmì ẹgbẹ́ oníkálukú sì ti wà lórí ìwé ìdìbò. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá kúrò ní pálọ̀ àwọn àgbà kó dé etí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà, á ṣì tẹ̀ka sí àmì tó ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Lábẹ́ òfin 2022, bí ìdìbò bá ti ku 90 ọjọ́, olùdíje kò lè fà sẹ́yìn kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ mọ́. Torí náà, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́, ìgbà tí àwọn ọ̀gá bá bọ ara wọn lọ́wọ́ ni iṣẹ́ tiyín tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń fi bò mí mọ́lẹ̀ ni pé bí ọ̀gá yín bá fẹ́ yapa, ṣé kẹ́ ẹ bá a lọ? N kò ní bá yín dáhùn rẹ̀, àmọ́ mo lè sọ ohun tí ẹ ó bi í. Ibùdó ìdìbò 13,325 ló wà ní Èkó. Ẹ bi í pé àjẹ́ǹtì mélòó ló ní, kí ó sì ka orúkọ wọn. Òfin ní ẹni tó máa jẹ gómìnà gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀. Ní Èkó, 14 nìyẹn. Yàtọ̀ sí Ìkòròdú níbi tí wọ́n ti ń pè é ní “gómìnà wa” lójú àgbo, ẹ ní kó dárúkọ mẹ́tàlá yòókù. Bó bá dárúkọ wọn tí ojú rẹ̀ kò yí, ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Bó bá gbaná jẹ, ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ padà sí wọ́ọ̀dù yín. Ẹ wá ìwé orúkọ àwọn tó du káńsẹ́lọ̀ tí wọn kò rí i, ẹ máa lọ kí wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsinsìnyí. Ẹ má mú aṣọ ẹgbẹ́ dání. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ṣílẹ̀kùn fún yín lè bú yín. Ẹ jẹ́ kó bú yín tán, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀ kejì, èyí tí kì í pa.